HER2 inú ìgò: kí ni púrótéènì tí wọ́n ń tà fún ìwádìí jẹjẹrẹ yìí gan-an?

Ẹni tí wọ́n bá gbé ìwé àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọmú lé lọ́wọ́, tó rí "HER2 positive" níbẹ̀, orí Google ló máa ń kọ́kọ́ sáré lọ. Ibẹ̀ sì ni ìdààmú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé kan á ní HER2 ló ń mú kí jẹjẹrẹ yára dàgbà. Òmíràn á máa ta "Recombinant Human HER2 Protein" nínú ìgò tó kéré ju ìka ọwọ́ lọ, lówó gọbọi, wọ́n á sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwádìí jẹjẹrẹ ni wọ́n ń fi í ṣe. Ṣé àrùn ni wọ́n ń tà ni, àbí oògùn? Ṣé ara èèyàn ni wọ́n ti yọ ọ́? Ṣé ẹbí aláìsàn lè dá owó jọ rà á?

Kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe oògùn. Wọn kò yọ ọ́ lára aláìsàn kankan. Ẹ̀dà apá kan lára HER2 ni, tí wọ́n ṣe kí àwọn tó ń wá oògùn lè ní ohun tí wọ́n á fi dán an wò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ara ìgò náà ni kí ẹ wò, torí kò sí ọ̀rọ̀ kan lára àkọlé rẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Èyí tó wọ́pọ̀ máa ń kà báyìí: Recombinant Human HER2, 23–652, His Tag, HEK293. A ó tú u lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ni HER2 fúnra rẹ̀?

Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ tó kéré jù tí a fi kọ́ ara, bí búlọ́ọ̀kù ṣe jẹ́ fún ilé. Iṣẹ́ tí ara bá rán sí sẹ́ẹ̀lì láti ìta, bíi "dàgbà" tàbí "pín sí méjì", kì í sábà rí ọ̀nà wọlé. Ohun kan ló ń gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Ohun náà ni wọ́n ń pè ní receptor, púrótéènì sì ni. Ẹ fojú áńténà tẹlifíṣọ̀n wò ó: orí rẹ̀ wà níta lókè, ọ̀pá rẹ̀ gba inú òrùlé kọjá, wáyà rẹ̀ sì dé ìdí tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá. Ohun tí orí áńténà bá gbà níta ni wáyà ń jábọ̀ rẹ̀ nínú ilé.

HER2 jẹ́ ọ̀kan nínú ẹbí áńténà mẹ́rin. EGFR, HER3 àti HER4 ni àwọn tó kù. Ohun kan yà á sọ́tọ̀ láàárín wọn: kò tíì sí ẹni tó rí iṣẹ́ kankan tí ara ń rán sí HER2 ní tààrà. Àwọn yòókù máa ń ká apá mọ́ra títí iṣẹ́ wọn á fi dé. HER2 ní tirẹ̀, apá rẹ̀ nà sílẹ̀ nígbà gbogbo, ó ń wá ẹni tí yóò dì mọ́. Tó bá ti dì mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹbí rẹ̀, tàbí HER2 mìíràn, wáyà inú á bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ̀: ẹ dàgbà, ẹ pín.

Sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá ní ẹ̀dà jíìnì HER2 méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, lórí kírómósómù kẹtàdínlógún. Nínú àwọn jẹjẹrẹ kan, jíìnì yìí máa ń ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ lọ́nà òdì, ó lè ju 25 lọ nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Áńténà tó yẹ kó wà ní nǹkan bí 20,000 lára sẹ́ẹ̀lì á wá gòkè dé bíi mílíọ̀nù méjì. Wọ́n pọ̀ débi pé wọ́n ń kọlu ara wọn, ariwo "ẹ pín, ẹ pín" kò sì dáwọ́ dúró. Ní 1987, Dennis Slamon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ kókó jẹjẹrẹ ọmú 189 wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé àwọn obìnrin tí jíìnì náà pọ̀ lára kókó tiwọn kì í pẹ́ láyé bí àwọn yòókù. Lónìí, nínú 100 jẹjẹrẹ ọmú, nǹkan bí 15 sí 20 ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí "HER2 positive" ń sọ nìyẹn: áńténà ti pọ̀ jù. Ẹni tó ní ara líle náà ní HER2.

"Human": èèyàn wo ni?

Kì í ṣe èèyàn kankan ní pàtó. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé àwòṣe tí wọ́n tẹ̀ lé jẹ́ ti èèyàn, kì í ṣe ti eku tàbí ọ̀bọ. Ó ṣe pàtàkì, torí trastuzumab, oògùn tí a mọ̀ sí Herceptin, kì í mọ HER2 ti eku rárá. Ẹni tó bá ṣèèṣì ra ti eku á dán oògùn tó dára wò, yóò sì sọ pé kò ṣiṣẹ́.

"Recombinant": báwo ni wọ́n ṣe ṣe é láìyọ ọ́ lára ẹnikẹ́ni?

Bí aṣọ bá wù yín lára ẹnìkan, ẹ kò ní bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀. Ẹ ó gba àwòṣe rẹ̀, ẹ ó gbé e lọ bá télọ̀ yín, télọ̀ á sì fi ẹ̀rọ tirẹ̀ rán an. Jíìnì ni àwòṣe púrótéènì. Wọ́n á mú àwòṣe HER2, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ DNA mìíràn tó rí rìbìtì bí òrùka, wọ́n á sì fi í sínú sẹ́ẹ̀lì àjèjì tí yóò máa rán an. Lílẹ̀ tí wọ́n lẹ DNA méjì pọ̀ yìí ni "recombinant" ń tọ́ka sí.

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Ínsúlínì tí àwọn onítọ̀ọ́ ṣúgà ń gún, bákan náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti 1982. Abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B tí wọ́n ń fún ọmọ ọwọ́, inú ìwúkàrà ni wọ́n ti ń ṣe púrótéènì rẹ̀.

"23–652": kí ni nọ́ńbà yìí?

Púrótéènì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn kan. Amino acid ni ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan. HER2 lódindi jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ 1,255. Láti ẹyọ kìíní dé ìkejìlélógún jẹ́ ìwé ìrìnnà tó ń darí rẹ̀ sí ìta sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì á sì gé e dànù kó tó jáde. Láti 23 dé 652 ni orí áńténà tó wà níta. Láti 653 dé 675 ni ọ̀pá tó gba inú awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá. Ìyókù, títí dé 1,255, ni wáyà inú.

Nítorí náà, orí nìkan ló wà nínú ìgò yìí, ìlẹ̀kẹ̀ 630. Ìdí tí wọ́n fi fi ọ̀pá sílẹ̀ ni pé ọ̀pá náà ń bẹ̀rù omi bí òróró. Tó bá bá a wá, gbogbo rẹ̀ á ṣùpọ̀ nínú omi. Orí yìí pín sí ẹ̀ka mẹ́rin. Trastuzumab ń di ẹ̀ka kẹrin mú, nítòsí awọ sẹ́ẹ̀lì. Pertuzumab, oògùn jẹjẹrẹ mìíràn, ń di ẹ̀ka kejì mú, apá tó ń nà yẹn gan-an, kí HER2 má baà rí ẹni dì mọ́. Ẹni tó bá ra ìgò tó ní ẹ̀ka kẹrin nìkan kò lè fi í dán pertuzumab wò. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwúlò kankan láti fi orí áńténà dán oògùn lapatinib wò, torí ìdí wáyà nínú ilé ni lapatinib ti ń ṣiṣẹ́. Àṣìṣe olówó ńlá ni, ó sì wọ́pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí orúkọ kan náà, HER2, ló wà lára gbogbo ìgò wọ̀nyí.

"HEK293": ta ni télọ̀ náà?

Sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ọlẹ̀ èèyàn ni, èyí tí Frank Graham sọ di ẹ̀yà tí kì í kú nílé ìwádìí ní ìlú Leiden, ní Netherlands, ní 1973. Ìdánwò rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ńbà 293 ló bọ́ sí i. Orúkọ kò nítumọ̀ mìíràn. Láti ìgbà náà, àtọmọdọ́mọ sẹ́ẹ̀lì yẹn ni gbogbo ayé ń pín lò. Kò sí ẹni tí wọ́n tún ń yọ nǹkan lára rẹ̀.

Kí ló dé tí wọn kò lo bakitéríà, tó rọrùn tó sì ń dàgbà láàárín òru kan? Ohun méjì ni. Àkọ́kọ́, orí HER2 kún fún ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń pè ní cysteine, tó gbọ́dọ̀ so mọ́ ara wọn ní méjì méjì, kí ẹnìkan má ṣìnà so mọ́ aya aláya. Inú bakitéríà kò gba irú ìsokọ́ra bẹ́ẹ̀ dáadáa, púrótéènì náà á sì di kókó bí àmàlà tí wọn kò rò jinná. Ìkejì, sẹ́ẹ̀lì èèyàn máa ń lẹ ẹ̀wọ̀n ṣúgà mọ́ ibi mélòó kan lára HER2. Bakitéríà tí a ń lò kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ṣúgà yìí ló ń fa ìbẹ̀rù kan tí kò yẹ. Bí a bá ṣírò ìlẹ̀kẹ̀ 630 náà, ìwọ̀n rẹ̀ yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi 70 kDa, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn púrótéènì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá fi iná mànàmáná wọ́ ọ gba inú jẹ́ẹ̀lì láti mọ ìwọ̀n rẹ̀, á fìdí kalẹ̀ láàárín 80 sí 100, á sì fẹ̀ dípò kó rí tínrín. Akẹ́kọ̀ọ́ á ní wọ́n ti ta ayédèrú fóun. Kì í ṣe ayédèrú. Ẹni tó wọ agbádá gun òṣùwọ̀n ni.

"His Tag": ìrù tí wọ́n fi mú un

Tí sẹ́ẹ̀lì HEK293 bá ti gba àwòṣe, wọ́n á fi í sínú omi oúnjẹ rẹ̀ ní 37°C, lórí pèpéle tó ń mì jẹ́jẹ́, fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje. Orí HER2 á máa jáde sínú omi náà. Lẹ́yìn náà wọ́n á yí i nínú centrifuge, ẹ̀rọ tó ń yí nǹkan kíákíá, kí sẹ́ẹ̀lì lè sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá ti sé ògì rí mọ ohun tó kàn, àfi pé òdìkejì ni: omídùn orí rẹ̀ ni wọ́n ń kó, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń dà nù.

Púrótéènì mìíràn pọ̀ nínú omídùn yìí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi so ìrù mọ́ HER2 láti inú àwòṣe, histidine mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìparí. Histidine a máa lẹ̀ mọ́ níkẹ́ẹ̀lì. Wọ́n á da omi náà gba inú ọ̀pá tó kún fún hóró oníníkẹ́ẹ̀lì. HER2 á há síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn yòókù á kọjá. Wọ́n á fi díẹ̀ lára kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní imidazole fọ àwọn tó kàn ń fara rọ̀ síbẹ̀, nǹkan bí 20 mM, kí wọ́n tó wá da 250 sí 300 mM sí i, èyí tó ń bá histidine du níkẹ́ẹ̀lì títí HER2 á fi jáde. Tí ìfọ̀ àkọ́kọ́ bá le jù, HER2 á bá omi ìfọ̀ lọ. Tó bá rọ̀ jù, ìdọ̀tí á bá a wọnú ìgò. Wọ́n á tún ya èyí tó ti ṣùpọ̀ kúrò lára èyí tó dá dúró, wọ́n á sì fi trehalose, irú ṣúgà kan, sí i kí wọ́n tó gbẹ ẹ́ nínú òtútù.

Irú ìrù mìíràn wà, tí wọ́n ń pè ní Fc, tó jẹ́ ìdí áńtíbọ́dì èèyàn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, wàhálà rẹ̀ ń bọ̀.

Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?

Áńtíbọ́dì ni trastuzumab: púrótéènì tó rí bí Y, tó ń wá ohun kan ṣoṣo láti dì mú. Láti mọ bí ó ṣe ń di HER2 mú tó, wọ́n ń lo àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní ELISA.

Àwo ike pẹlẹbẹ kan ni, tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, tó ní ihò 96. Wọ́n á po HER2 sí 2 µg nínú mílílítà kan, wọ́n á fa 100 µl sínú ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì gbé e sínú fíríìjì ní 4°C mọ́jú. Púrótéènì á lẹ̀ mọ́ ìdí ihò bí ẹ̀bà tó gbẹ mọ́ abọ́. Lówùúrọ̀ wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sì da BSA, púrótéènì ẹ̀jẹ̀ màlúù, sí i láti dí gbogbo àyè tó ṣófo. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oògùn á kàn lẹ̀ mọ́ ike lásán. Lẹ́yìn náà ni trastuzumab á kàn. Ihò àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, wọ́n á máa là á lọ ní ìdá mẹ́ta mẹ́ta, ihò tó kẹ́yìn kò sì ní gba nǹkan kan. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi áńtíbọ́dì kejì sí i, èyí tó mọ áńtíbọ́dì èèyàn tó sì ru ohun tó ń pa àwọ̀ dà lẹ́yìn. Wọ́n á tún fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á kán TMB, omi tí kò láwọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ihò àkọ́kọ́ á ṣú bí omi aró, èyí tó tẹ̀ lé e kò ní ṣú tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fúyẹ́ lọ títí dé ihò ìkẹyìn tó mọ́ gaara. Wọ́n á fi sulfuric acid dá a dúró. Búlúù á di yẹ́lò lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ á sì kà á ní 450 nánómítà. Bí ihò ìkẹyìn bá ṣú, gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́.

Irú àyẹ̀wò báyìí wà lára ohun tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà trastuzumab tó dín owó kù gbọ́dọ̀ fi hàn: pé tiwọn ń di HER2 mú bíi ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́. Ogivri ni àkọ́kọ́ irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn, fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà, ní December 2017. Àwọn tó ń kọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ láti gbógun ti HER2, ìyẹn CAR-T, náà ń lò ó: wọ́n á fi iná àwọ̀ sí HER2 lára, wọ́n á sì ka iye sẹ́ẹ̀lì tó dì í mú.

Níbo ló ti máa ń bàjẹ́?

Ṣíṣí ìgò ni àkọ́kọ́. Púrótéènì inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 100 µg. Ẹ mú Paracetamol oní-500 mg kan, ẹ pín in sí ọ̀nà 5,000: ìdá kan nínú rẹ̀ nìyẹn. Fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ funfun tí ojú lè rí, trehalose ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lójú ọ̀nà, ó lè ti fò lẹ̀ mọ́ ìdérí. Ẹni tó bá ṣí i láìkọ́kọ́ yí i nínú centrifuge lè sọ ìdajì owó rẹ̀ nù sórí tábìlì láìmọ̀.

Omi ló kàn. Bí wọ́n bá fi omi mímọ́ 0.5 ml sí i, á di 200 µg nínú mílílítà, ó sì tó àwo ELISA márùn-ún. Wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 30, wọ́n á máa rọra yí i síwá sẹ́yìn. Wọn kì í mì í bí ìgò oògùn ikọ́ àwọn ọmọdé, torí ojú ìhó ni púrótéènì ti ń tú.

Lẹ́yìn náà ni fírísà. Ó yẹ kí wọ́n pín in sínú ọ̀pá kéékèèké, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní -70°C, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ọ̀pá kan yọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Yìnyín tó ń dì tó ń yọ́ léraléra ló ń sọ ọ́ di kókó. Níbi tí iná ọba ti ń ṣe ségesège, ó lè yọ́ kó sì tún dì lẹ́ẹ̀mejì lóru kan, àràárọ̀ ni wọ́n á bá a bí yìnyín tí nǹkan kan kò ṣe. Nílé iṣẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ kò bá dáni lójú, ó sàn kí wọ́n fi í sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun títí di ọjọ́ iṣẹ́.

HER2 tí omi pọ̀ lára rẹ̀ jù tún máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀pá ike. BSA 0.1% ń gbà á lọ́wọ́ ìyẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fi í tẹ́ ìdí àwo ni, BSA kan náà á gba àyè mọ́ ọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi tó ní kẹ́míkà Tris: kò ṣe nǹkan nínú fíríìjì, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ so biotin, ohun kékeré tí wọ́n fi ń sàmì sí púrótéènì, mọ́ HER2, Tris ló máa gbé biotin náà jẹ.

Ẹ rántí ìrù Fc. Tí HER2 inú àwo bá ní ìrù Fc ti èèyàn, áńtíbọ́dì kejì, tó ń wá áńtíbọ́dì èèyàn, á di ìrù náà mú ní tààrà. Gbogbo ihò á ṣú, títí kan èyí tí kò rí oògùn kankan. Ìrù His ló yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tàbí Fc ti eku.

Ṣé ẹni tó ní jẹjẹrẹ lè rà á lò?

Rárá. "Fún ìwádìí nìkan" tó wà lára ìgò kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Tí wọ́n bá mu ún, ikùn á lọ̀ ọ́ bó ṣe ń lọ púrótéènì ẹ̀wà. Gígún un léwu, torí wọn kò ṣe é kó yẹ ara èèyàn. Ohun mìíràn tún wà tó burú jù fún ẹni tó wà lórí trastuzumab: orí áńténà tó ń lefòó nínú ẹ̀jẹ̀ á kàn máa gbé oògùn náà mì kó tó dé ara jẹjẹrẹ.

Trastuzumab fúnra rẹ̀ ni aláìsàn nílò. FDA fọwọ́ sí i ní September 1998, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fi í sínú àkójọ oògùn tó ṣe kókó ní 2015. Ní Nàìjíríà, ìwádìí kan tí wọ́n pè ní ARETTA lo èyí tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ, pẹ̀lú docetaxel, oògùn jẹjẹrẹ mìíràn, kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú tiwọn jẹ́ HER2 positive.

Bí ìwé àyẹ̀wò yín bá ka 3+ fún HER2, positive ni. 0 tàbí 1+ kì í ṣe é. 2+ kò tíì sọ ibì kan. Àyẹ̀wò FISH, tó ń ka ẹ̀dà jíìnì fúnra rẹ̀, ló máa yanjú rẹ̀. Wọn kò sábà nílò láti tún gé yín. Ẹran tí wọ́n gé níjọ́sí ti wà nínú ìda ní ẹ̀ka tó ṣe àyẹ̀wò náà, wọ́n sì lè bẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára rẹ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà búlọ́ọ̀kù ìda yẹn kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.